Irin Àdúrà Yèyé àti Ṣéènì Máṣíìnì Bàbá Àgbà

Kì í ṣe àkùkọ ló ń jí wa nílé wa ní Iléṣà, irin ni. Irin pẹlẹbẹ kan ni, ó rí roboto bí àwo, eyín yí etí rẹ̀ po, okùn ni wọ́n fi so ó kọ́ sára ẹ̀ka igi ọsàn tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná. Yèyé, ìyá tó bí bàbá mi, ló ń fi òòlù kékeré lù ú láràárọ̀ láti pè wá síbi àdúrà: gbáun, gbáun, gbáun. Ẹni tó bá gbọ́ àkọ́kọ́ lè yí ẹ̀gbẹ́ padà. Ẹni tó bá gbọ́ ìkẹta tó ṣì wà lórí ẹní, Yèyé á wá bá a níbẹ̀ pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́. Àwa mẹ́rin là ń gbé ilé náà: Yèyé, bàbá mi, màmá mi àti èmi Dúpẹ́, ọmọ wọn kan ṣoṣo. Lẹ́yìn àdúrà ni ariwo yòókù máa ń tẹ̀lé ara wọn: ìgbálẹ̀ mi lójúde, omi tí màmá mi ń dà sínú ìkòkò, ewúrẹ́ tó ń fi ìwo kan ilẹ̀kùn pé kí a gbé èèpo iṣu òun wá, àti òkúta méjì tí Yèyé fi ń pa ẹ̀kùrọ́, kò-kò-kò, títí oòrùn á fi mú. Àdín ni Yèyé ń fi ẹ̀kùrọ́ náà ṣe, àwọn abiyamọ àdúgbò ló sì ń wá gbà á láti fi pa ọmọ tuntun lára. Máṣíìnì bàbá mi ló máa ń dún kẹ́yìn. Bí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ tó gbà, àwọn adìyẹ á fò sókè, Yèyé á ní, "Ó ti lọ," ilé á sì dákẹ́.

Máṣíìnì náà kì í ṣe ti bàbá mi ní ti gidi. Bàbá Àgbà, ọkọ Yèyé, ló ni ín. Iṣẹ́ tíṣà ni Bàbá Àgbà ṣe, wọ́n tún ń bá ṣọ́ọ̀ṣì wàásù ní àwọn abà tó wà lẹ́yìn Òṣú, máṣíìnì yẹn ló sì ń gbé wọn lọ. Dúdú ni, Òyìnbó ló ṣe é, ọ̀dà ti họ lára táǹkì rẹ̀ níbi tí orúnkún Bàbá Àgbà máa ń wà. Nígbà tí wọ́n kú, bàbá mi jogún rẹ̀. Irin tí Yèyé ń lù láràárọ̀, ara máṣíìnì yìí lòun náà ti wá. Ẹni tí kò bá mọ máṣíìnì lè má mọ̀ pé irin eléyín méjì ló máa ń ní: kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, ńlá lára táyà ẹ̀yìn, ṣéènì á wá gba orí méjèèjì yí po. Àwọn mẹkáníìkì ń pè é ní sípírókẹ́ẹ̀tì. Irin eléyín làwa ń pè é. Bí èyí tó wà lẹ́yìn bá ṣe tóbi tó ni agbára máṣíìnì láti gòkè ṣe máa ń pọ̀ tó, àmọ́ eré rẹ̀ á dín kù. Báyìí ni Yèyé ṣe ń sọ ìtàn rẹ̀: "Nígbà tí Tíṣà kọ́kọ́ gbé e dé, ilẹ̀ títẹ́jú nìkan ló mọ̀ ọ́n sá. Tó bá gbé mi sẹ́yìn, tó tún so àpótí ìwé orin mọ́ ọn, tó wá kan òkè, á máa mí hẹlẹhẹlẹ bí ajá. Ni Tíṣà bá wá èyí tó tóbi jù ú lọ sẹ́yìn rẹ̀. Kò sáré mọ́ o, àmọ́ kò sí òkè tí kò gùn." Èyí tó kéré tí wọ́n yọ, eyín rẹ̀ ò tíì jẹ rárá. Bàbá Àgbà fọwọ́ ara wọn so ó kọ́ sórí igi ọsàn, wọ́n ní kó máa pe ilé wọn síbi àdúrà. Iléṣà kún fún òkè, ṣọ́ọ̀ṣì wa sì wà lórí ọ̀kan nínú wọn, nítorí náà kò sẹ́ni tó tún ronú nípa rẹ̀ mọ́.

Òṣogbo ni bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́. Rélùwéè ni wọ́n wà tẹ́lẹ̀, kí rélùwéè tó dẹnu kọlẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀, wọ́n bọ́ sí ọ́fíìsì ìjọba kan níbẹ̀. Ẹlòmíì ì bá kó ìdílé rẹ̀ lọ sí Òṣogbo, kó sì gbàgbé Iléṣà, pàápàá tí ìyàwó rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ Òṣogbo bíi màmá mi. Àmọ́ bàbá mi nìkan ló kù nínú àwọn ọmọ tí Yèyé bí, Yèyé sì ti sọ pé àwọn ò ní kúrò nílé tí ọkọ àwọn kọ́. Yèyé kì í pe ilé ní ilé, "ulé" ni wọ́n ń pè é bíi gbogbo Ìjẹ̀ṣà. "Mi ò ní fi ulé Tíṣà sílẹ̀ fún aláǹgbá," wọ́n á ní, màmá mi á sì máa sín wọn jẹ nínú ilé ìdáná, "ulé, ulé," títí ẹ̀rín á fi pa èmi àti wọn. Nítorí náà, àràárọ̀ ni bàbá mi ń gun máṣíìnì lọ sí Òṣogbo, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń padà. Ọdún tí mò ń wí yìí, bẹntiróòlù ti di ohun tí àwọn awakọ̀ ń sùn tì ní ilé epo. Ọkọ̀ tó ń ná Òṣogbo ò tó nǹkan, ẹni tó bá lágbára jù ló ń wọ èyí tó wà. Máṣíìnì ò gba epo púpọ̀, òun ló gbà wá. Ní ọdún náà gan-an ni ọ̀gá tuntun kan dé sí ọ́fíìsì bàbá mi, tó pàṣẹ pé bí wọ́n bá ti ti géètì láàárọ̀, ẹni tó bá wà níta kó máa lọ sílé, ìwé wá-wí-tẹnu-ẹ á bá a níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ẹni tó bá gba ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn. Bàbá mi sọ fún wa nídìí oúnjẹ, wọn ò gbójú sókè: "Tí máṣíìnì yìí bá dúró, a ó kó lọ sí Òṣogbo ni o."

Máṣíìnì ò tíì dúró, àmọ́ ó ti ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ dúró, ilé wa náà ló sì fà á. Bí epo ṣe wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni ọ́ìlì tí wọ́n ń tọ́ sí ṣéènì wọ́n, èyí tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì sì ń ṣàn bí omi lásán. Yèyé wá dábàá àdín. "Ohun tó ń mú ara ọmọ dán, kí ló dé tí kò ní mú ara irin dán?" Bàbá mi rò ó síwá-sẹ́yìn, wọ́n sì gbà. Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń fi ìyẹ́ adìyẹ tọ́ àdín sí ṣéènì ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń pa ìkókó lára. Ó dán lóòótọ́. Ó tún ń rùn. Màmá mi sọ pé tí bàbá mi bá ti dé láti ibi iṣẹ́, ó máa ń ṣe àwọn bí i pé ọmọ tuntun wọlé. Ewúrẹ́ wa, tí kì í sún mọ́ máṣíìnì tẹ́lẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í lá ṣéènì. Kò sí aburú kan níbẹ̀ títí ọyẹ́ fi dé. Eruku ọ̀nà Òṣogbo lẹ̀ mọ́ àdín, àdín àti eruku di ohun kan bí i ẹrẹ̀ oníyanrìn, ó sì ń lọ irin náà bí ọlọ ṣe ń lọ ata. Kí ọyẹ́ tó lọ, eyín irin méjèèjì ti tẹ̀ kọdọrọ bí èékánná àwòdì, ṣéènì ti gùn ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì ń fò kúrò lórí eyín nígbàkúùgbà tí máṣíìnì bá fẹ́ gòkè: kààn! Gbogbo àdúgbò ló mọ ariwo náà. "Bàbá Dúpẹ́ ti ń gòkè," wọ́n á ní.

Láyí ni wọ́n pè. Mẹkáníìkì ni, ọ̀dọ́kùnrin kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ó sì ti ń bá máṣíìnì náà bọ̀ láti ìgbà ayé Bàbá Àgbà. Ó fi ìka kan ṣéènì, ó gbé ìka náà sí imú, ó sì jókòó sílẹ̀ fún ẹ̀rín. "Bọ̀dá, ṣé àkàrà lẹ fi ń dín ni?" Yèyé gbọ́ ọ láti ìdí ẹ̀kùrọ́. "Láyí, ìwọ gan-an, àdín yìí ni mo fi pa ọ́ lára nígbà tí ìyá rẹ bí ọ. Ṣé o jẹ bí irin yìí?" Láyí ní kí wọ́n má bínú. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ tí mo ṣì ń gbọ́ lẹ́nu gbogbo mẹkáníìkì títí dòní, pé wọn kì í fi ṣéènì tuntun sórí eyín àtijọ́, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n jọ ń pààrọ̀. "Ẹyẹ kì í fi apá kan fò." Bàbá mi rí ṣéènì tuntun rà lọ́wọ́ oníṣòwò páàtì kan ní Old Garage l'Óṣogbo, wọ́n rí irin kékeré ti iwájú náà níbẹ̀. Ti ẹ̀yìn ò sí. Máṣíìnì náà ti dàgbà ju àwọn tó ń ta páàtì lọ. Ọ̀kan nínú wọn bi bàbá mi pé ṣé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ló rán wọn. Nígbà tí wọn ò rí i, Láyí gbé ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ mì. Ó yọ irin ẹ̀yìn, ó yí i padà kí apá eyín tí kò tíì jẹ lè máa fa ṣéènì, ó fi fáìlì pọ́n ọn, ó ní ó ti parí. Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, bàbá mi gbé Yèyé sẹ́yìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Wọ́n dé àárín òkè, ṣéènì tuntun já. Máṣíìnì bẹ̀rẹ̀ sí í padà sẹ́yìn, bàbá mi ń fi bàtà wọ́ ilẹ̀, Yèyé sì ń bi wọ́n létí pé, "Àyìndé, ṣé ẹ̀yìn là ń lọ ni?" Àwọn kan dì í mú. Kò sẹ́ni tó fara pa. Àmọ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, bàbá mi wá ọkọ̀ títí, wọ́n dé Òṣogbo, wọ́n ti ti géètì. Wọ́n ti gba ìwé kan ṣáájú ìyẹn. Èyí ló ṣe ìkejì.

Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ Òṣogbo kúrò ní àbá. Màmá mi ti rí yàrá kan nítòsí ilé àwọn òbí wọn. Mo bi wọ́n nípa rẹ̀ láìpẹ́ yìí, wọn ò fi dídùn inú wọn pa mọ́: "Mo ti ń fojú inú rí ibi tí màá gbé bẹ́ẹ̀dì sí." Bàbá mi ń sùn sílé ọ̀rẹ́ kan l'Óṣogbo láàárín ọ̀sẹ̀, Yèyé sì ń bi wá nírọ̀lẹ́ pé ṣé a gbọ́ máṣíìnì, bẹ́ẹ̀ wọ́n mọ̀ pé ẹ̀yìn ilé ló wà. Àárọ̀ Sátidé kan ni Láyí wá kó àwọn irinṣẹ́ rẹ̀ tó fi sílẹ̀, ó sì bá Yèyé níbi tí wọ́n ti ń lu irin. Ó dúró. "Màmá, kí lẹ gbé kọ́ síbẹ̀ yẹn?" Yèyé ní, "Agogo mi ni." "Agogo kọ́ o. Ẹ̀yìn máṣíìnì yìí gan-an nibùjókòó rẹ̀. Bọ̀dá! Bọ̀dá, ẹ wá wò ó! Mo wá nǹkan yìí dé Ìbàdàn, orí igi ọsàn yín ló wà!" Bàbá mi jáde pẹ̀lú burọ́ọ̀ṣì lẹ́nu. Wọ́n wò ó, wọ́n sì ní, "Láyí, fi ibẹ̀ yẹn sílẹ̀." "Bọ̀dá, kò mà tíì jẹ." "Mo ní kó o fi í sílẹ̀. Ọwọ́ bàbá mi ló so ó. Kò sẹ́ni tó máa já a." Láyí kó irinṣẹ́ rẹ̀. Yèyé ní ká wá gbàdúrà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n tó sọ̀rọ̀, nígbà tí èmi àti màmá mi ń gún iyán, ọmọrí odó tèmi lọ sókè, tiwọn bọ̀ nílẹ̀. "Ìyàwó mi," Yèyé ní, "yàrá tí ẹ fẹ́ gbà yẹn, ṣé ó gba odó?" Màmá mi ní, "Màmá, wọn kì í gún iyán nínú yàrá àyágbé. Onílé á lé wa." "Kí lẹ ó wá máa jẹ?" "A ó máa wá nǹkan jẹ, Màmá." Yèyé wo odó náà, wọ́n ní, "Ẹ ó máa wá nǹkan jẹ," bí ẹni ń ka ibì kan nínú Bíbélì tí kò yé wọn.

Ní ọjọ́ kejì, oòrùn ló jí wa. Irin ò dún. Bàbá mi sáré jáde, wọ́n rò pé nǹkan ti ṣe Yèyé, èmi àti màmá mi sáré tẹ̀ lé wọn. Yèyé jókòó lórí àpótí lẹ́yìn ilé ìdáná, bàsíà wà láàárín ẹsẹ̀ wọn, irin náà wà nínú kẹrosíìnì, wọ́n ń fi iyanrìn àti kànìnkànìn bọ́ ìpẹtà ara rẹ̀. Okùn nìkan ló kù lórí igi. "Yèyé, kí lẹ ṣe?" "Mo já a." "Nǹkan Bàbá mà ni." Yèyé ò dáwọ́ dúró. "Tíṣà kọ́ ulé yìí kí èèyàn lè máa gbé inú rẹ̀. Irin ò lè gbé ulé." Nígbà tí Láyí dé lẹ́yìn tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́, àmọ́ Yèyé di irin náà mú lọ́wọ́ kan kí wọ́n tó jẹ́ kó gbà á. "Gbọ́ o. Òkè ló jẹ́ kí Tíṣà yọ èyí. Kò ní gbé èèyàn méjì gòkè." Láyí ní, "Ẹ má dààmú, Màmá. Ṣéènì tuntun la fẹ́ fi sí i." "Ṣéènì tuntun ò gbọ́n ju òkè lọ," Yèyé ní, wọ́n sì tú ọwọ́ wọn sílẹ̀. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ni mo bi bàbá mi bóyá àwọn náà mọ̀ nígbà yẹn pé kò ní gbé Yèyé gun òkè mọ́. Wọ́n ní, "Mo mọ̀. Mo rò pé Yèyé ti gbàgbé ni. Ìyẹn ni mi ò ṣe fẹ́ kí wọ́n já a."

Láyí gbé máṣíìnì lé orí búlọ́ọ̀kù, ó yọ táyà ẹ̀yìn, ó yọ irin tó ti tẹ̀ kọdọrọ. Ó fún mi ní irin náà kí n gbé e dànù, ó wúwo, eyín rẹ̀ sì gé mi lọ́wọ́. Ti Yèyé wọ àyè rẹ̀ láìjà, gbogbo ihò nọ́ọ̀tì rẹ̀ bára dọ́gba. Lẹ́yìn tí ó dá kékeré padà sí iwájú, ó ta okùn láti táyà kan dé èkejì, ó dijú kan wò ó bóyá wọ́n tọ́. Ṣéènì tuntun mìíràn tí bàbá mi ti rà dípò èyí tó já ńkọ́? Láyí ní kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ lásán, dandan ni kí wọ́n sè é nínú gírísì kí gírísì lè wọ inú rẹ̀ lọ́hùn-ún. Ìkòkò tó bá nítòsí ló gbé ka iná, ìkòkò ọbẹ̀ màmá mi ni. "Láyí!" "Mọ̀mí, mo máa fọ̀ ọ́." "Fi orí rẹ fọ̀ ọ́!" Ìkòkò yẹn ò se ọbẹ̀ mọ́ láéláé. Nígbà tí ṣéènì tutù, ó gbé e gba orí eyín méjèèjì, ó ní kí n máa fọwọ́ yí táyà díẹ̀díẹ̀, ó sì fi kílíìpù kékeré kan so ìpẹ̀kun ṣéènì pọ̀, ibi tí kílíìpù náà ti là kọ ẹ̀yìn sí ibi tí ṣéènì ń lọ, kí nǹkan má bàa kọ́ ọ jáde lójú ọ̀nà. Ó fi ìka ti ṣéènì láti ìsàlẹ̀, ó jẹ́ kí ó rọ̀ díẹ̀. "Tó bá le jù, á já. Tó bá dẹ̀ jù, á fò." Yèyé gbé ìgò àdín wọn kúrò nítòsí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, bàbá mi dé géètì kí ẹni tó ń ṣí i tó dé. Lójú ọ̀nà títẹ́jú, máṣíìnì náà ń sáré bí wọn ò ṣe rí i kó sáré rí. Wọ́n ní ṣe ni àwọn ń fọwọ́ di fìlà mú. Ìwé kẹta ò dé. Màmá mi dá owó yàrá dúró, odó wa ò kúrò ní àyè rẹ̀, wọ́n sì ṣe ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan tí wọn ò sín Yèyé jẹ. Ní ti àdúrà, ẹnu ni Yèyé ń fi pè wá. Ìyẹn burú ju irin lọ, torí irin kì í dárúkọ èèyàn.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, èmi àti màmá mi ṣáájú lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹsẹ̀ la fi ń rìn. A wà ní àárín òkè pẹ̀lú àwọn ìyá ìjọ kan nígbà tí a gbọ́ máṣíìnì nísàlẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè dáadáa. Kò pẹ́ ni ohùn rẹ̀ yí padà, ó ń wúwo, ó ń mí, ó sì dúró. A bojú wẹ̀yìn. Yèyé ń fọwọ́ gbá bàbá mi lẹ́yìn. "Sọ̀ mí." "Yèyé, ẹ jẹ́ ká tún gbìyànjú." "Mo ti gbìyànjú rẹ̀ kí n tó bí ọ. Sọ̀ mí, kó o máa lọ." Yèyé bọ́ sílẹ̀, wọ́n tún ìró wọn ró, wọ́n fi ìwé orin sábẹ́ abíyá. Bàbá mi dúró síbẹ̀ díẹ̀, wọ́n sì gun òkè náà láwọn nìkan. Máṣíìnì gbé èèyàn kan láìjanpata. Nígbà tí wọ́n dé orí òkè, wọ́n pa á, wọ́n jókòó sórí rẹ̀, wọ́n sì ń wo ìsàlẹ̀. Àwọn ìyá ìjọ dúró de Yèyé. Ìgbà tí Yèyé fi máa bá wa, èémí ti ń wọ́n wọn, òógùn ti rin gèlè. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà ò lè pa á mọ́ra. "Ìyá Àyìndé, ayé mà ti bàjẹ́ o! Ọmọ gun máṣíìnì, ìyá ń fẹsẹ̀ rìn!" Àwọn yòókù ní bẹ́ẹ̀ ni, wọn ò rí irú rẹ̀ rí, ọmọ ayé òde òní. Màmá mi la ẹnu láti fèsì, Yèyé dì wọ́n lọ́wọ́ mú. Wọ́n kọ́kọ́ mí délẹ̀. Wọ́n wá fi ìwé orin tọ́ka sí orí òkè.

"Ọmọ tèmi ló jókòó sọ́hùn-ún yẹn tó ń dúró dè mí. Níbo ni tiyín wà?"

Èkó ni tiwọn wà, Kánò, Lọ́ńdọ̀nù. A jọ rìn dé òkè.